Orúkọ Yorùbá fún PATH àti Àwọn Ẹbí Rẹ̀

PATH ni àkọsílẹ̀ tí Unix máa ń yẹ̀ wò nígbà tí ènìyàn bá tẹ àṣẹ. Àdírẹ́sì àwọn àpò fáìlì ló wà nínú rẹ̀, bíi /usr/local/bin àti /usr/bin, àmì kólọ́ọ̀nù ló sì pín wọn níyà. Ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì, á máa wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá ti kọ́kọ́ rí ètò tó ń jẹ́ orúkọ náà ni yóò dúró sí. Bí kò bá rí i, yóò ní kò sí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, ètò ọ̀hún ì báà wà lórí dísìkì. Ìlànà yìí wà nínú Unix ẹ̀dà keje tí Bell Labs gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1979.

Ní Lomé, àárín èdè méjì ni Yorùbá tó ń kọ́ iṣẹ́ Unix wà. Faransé ni ilé-ẹ̀kọ́ Tógò fi ń kọ́ni. Ẹni tó kàwé ní Nàìjíríà kó tó wá ṣòwò níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló mọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní path, Faransé ní chemin, ọ̀nà sì ni àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá tẹ̀ lé wọn tó pe PATH ní "ọ̀nà" ti ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Ọ̀nà a máa gbé ni dé ibì kan. Ibi tí a ó ti wá nǹkan, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ni PATH kó jọ. "Àtòjọ ojúlé" bá a mu jù. Kí a fi "ọ̀nà" sílẹ̀ fún àdírẹ́sì fáìlì kan ṣoṣo.

Ní ti shell, bí a bá pè é ní ìkarahun, ìgbín ni yóò sọ sí òǹkàwé lọ́kàn. Faransé ló ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín: interpréteur de commandes ni wọ́n ń pè é, "ògbufọ̀ àṣẹ" sì ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Variable d'environnement, irú àkọsílẹ̀ tí PATH jẹ́, ló le. "Àyípadà àyíká" dùn létí, ṣùgbọ́n ará Lomé tó ń wo bí òkun ṣe ń jẹ etíkun ìlú rẹ̀ yóò rò pé ọ̀rọ̀ òkun ni.

Ohun tí àṣẹ export ń ṣe ló tú kókó náà. Ní ìlú elébùúté, kíkó ọjà ránṣẹ́ sí òkè òkun ni ọ̀rọ̀ yẹn. Nínú Unix, ètò tó bá bí òmíràn ni òbí, èyí tí a bí sì ni ọmọ. Àkọsílẹ̀ tí a bá fi export sí, ọmọ yóò jogún rẹ̀. Ọmọ lè yí tirẹ̀ padà, ti òbí kò ní yẹ̀. Nítorí náà, "àkọsílẹ̀ àjogúnbá" ló yẹ variable d'environnement, "fi jogún" sì ni export.

Ètò tí kò bá Unix wá ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ti ẹnìkẹta, bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì mọ́tò. Àlejò ni kí a pè é. Inú /opt ni wọ́n sábà máa ń fi irú wọn sí, ògbufọ̀ àṣẹ kì í sì í wá a débẹ̀ àfi bí a bá fi ojúlé rẹ̀ kún àtòjọ. Bí àpẹẹrẹ, fún àlejò tó ń jẹ́ maven:

export PATH="$PATH:/opt/maven/bin"

$PATH tó ṣáájú ló ń pa àwọn ojúlé àtijọ́ mọ́. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ yóò rí i pé àṣẹ ls pàápàá ti dàwátì. Ẹ̀yìn ni a fi àlejò sí kí ètò rẹ̀ má baà gba ipò onílé tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Bí a bá tẹ ìlà yìí lásán, yóò bá fèrèsé iṣẹ́ náà kú, inú fáìlì .profile ló ti ń pẹ́.

Kí ẹni tó bá ń kọ ìwé ìkọ́ni fún Yorùbá Lomé lo àwọn ọ̀rọ̀ yìí nínú àlàyé, kí ó sì fi PATH àti export sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà nínú àṣẹ, nítorí ẹ̀rọ kò ní gbọ́ orúkọ mìíràn.