Ìbéèrè Òde Òní, Ẹ̀rí Ìgbà Àtijọ́: Àtúnṣe Lórí Iṣẹ́ Lisa Jardine

Ọ̀rọ̀ kan ti di àgbọ́túngbọ́ lẹ́nu àwọn olólùfẹ́ eré Shakespeare. Wọ́n ní àwọn onímọ̀ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin kàn ń gbé ìbínú òde òní kọ́ àwọn eré àtijọ́ lọ́rùn ni, àti pé obìnrin akíkanjú tí wọ́n lè máa kókìkí ni wọ́n ń wá kiri. Àṣìṣe ńlá ni. Ẹni tó bá fara balẹ̀ tọ ipasẹ̀ Lisa Jardine, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní 1944, tó sì kú ní 2015, yóò rí i pé ọ̀nà mìíràn ló gbà.

Jacob Bronowski, onímọ̀ ìṣirò, ni bàbá rẹ̀. Ìṣirò ni òun náà kọ́kọ́ lọ kọ́ ní Newnham College, Cambridge, kó tó yà sídìí lítíréṣọ̀. Francis Bacon ni ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, tó jáde ní 1974, dá lé. Ní 1976, Jesus College ní Cambridge gbà á sí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé rẹ̀. Kò sí obìnrin tó dé ipò náà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Bí ẹ̀sùn yẹn bá jóòótọ́, inú Still Harping on Daughters, ìwé tó kọ lórí obìnrin àti eré ìgbà Shakespeare ní 1983, ló yẹ ká ti rí i. Ní 1975, Juliet Dusinberre, tí òun náà ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin, ti kọ ọ́ pé àwọn òǹkọ̀wé eré ìgbà náà gbè sẹ́yìn obìnrin. Jardine kò gbà. Ó ní bí obìnrin bá ń pàṣẹ lórí ìtàgé, ìyẹn ò ní kó máa pàṣẹ nílé. Ó rán wa létí pé ọmọdékùnrin ló ń ṣe ipa obìnrin nígbà náà. Ní 1660 ni obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tó ń fi eré ṣiṣẹ́ ṣe tó bọ́ sórí ìtàgé gbogbogbòò ní London. Nínú The Duchess of Malfi tí John Webster kọ, opó ọlọ́lá kan fẹ́ ìríjú rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́, àwọn arákùnrin rẹ̀ sì ní kí wọ́n fún un lọ́rùn pa. Òmìnira ni àwọn kan rí níbẹ̀. Jardine yẹ òfin ogún wò, ó sì rí ẹ̀rù: ilẹ̀ àti ọrọ̀ lè bọ́ sọ́wọ́ ọmọbìnrin tàbí opó, àyà àwọn ọkùnrin sì ń já. Ẹ̀rù náà àti ìyà tó tẹ̀ lé e ni eré náà gbé kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ Othello. Othello pe Desdemona, ìyàwó rẹ̀ tí kò ṣẹ̀, ní aṣẹ́wó. Emilia, obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀, tún ọ̀rọ̀ náà sọ lójú Iago, ọkọ tirẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Othello, ó sì ń fi ìbínú béèrè pé ta ni wọ́n rí pẹ̀lú rẹ̀, níbo, nígbà wo? Lójú wa lónìí, ìbínú ẹni tó fẹ́ràn ọ̀gá rẹ̀ lásán ni. Ṣùgbọ́n Jardine ti ka àkọsílẹ̀ ẹjọ́ kóòtù ìjọ ní Durham, níbi tí àwọn obìnrin gidi ti pe ẹni tó bà wọ́n lórúkọ jẹ́ lẹ́jọ́, nítorí irú eébú kan náà. Ohun tí Emilia ń béèrè ni kóòtù náà yóò fẹ́ mọ̀ lẹ́nu ẹlẹ́rìí. Nígbà náà, bí etí kejì bá ti gbọ́ irú eébú bẹ́ẹ̀, tí ẹni tí wọ́n bú kò jáde wẹ ara rẹ̀ mọ́, ẹ̀sùn ti dúró nìyẹn. Desdemona kò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ó kúnlẹ̀, ó ń bẹ Iago kó bá òun tu ọkọ òun lójú. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ alárìíwísí pè ní ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀, Jardine fi hàn pé ọ̀ràn ẹ̀rí ni: orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ kí Othello tó pa á.

Àṣìṣe kejì ni èrò pé Jardine pa ọ̀rọ̀ obìnrin tì nígbà tó kọ̀wé lórí Christopher Wren, ayàwòrán ilé, ní 2002 àti Robert Hooke, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ní 2003. Bẹ́ẹ̀ kọ́: ọ̀nà tó gbà ka ẹjọ́ àwọn obìnrin Durham ló ń tọ̀ níbi gbogbo. Ní 1990, òun àti òpìtàn Anthony Grafton ti jọ yẹ ohun tí Gabriel Harvey, ọ̀mọ̀wé ìgbà Shakespeare, kọ sí etí ìwé Livy, òpìtàn Róòmù, tó ní wò, láti mọ bí àwọn ènìyàn ìgbà náà ṣe ń kàwé. Ìṣe kan náà ló ń ṣe káàkiri: kó lọ bá ìwé tí ọwọ́ ènìyàn kan kọ, kó tó sọ ohun tí ẹni náà rò.

Òótọ́ ni pé òde òní ni ìbéèrè rẹ̀ ti wá. Bí kò bá sí àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin, ta ni ì bá wá ẹjọ́ àwọn obìnrin Durham lọ sídìí Desdemona? Ṣùgbọ́n inú àkọsílẹ̀ ìgbà yẹn ló ti wá ìdáhùn. Ẹni tó bá fẹ́ já a ní koro, kó má fi ọ̀rọ̀ ìbínú òde òní ṣe àwáwí. Àkọsílẹ̀ ni kí òun náà mú wá.