Kí ló dé tí bàtà síkì fi máa ń dunni tó bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn bàtà inú 🧵

Àbúrò mi obìnrin tó ń kàwé ní Scotland bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ síkì lọ́dún tó kọjá. Wọ́n yá bàtà níbẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, ó ti pè mí lórí fídíò. Ó jókòó sórí yìnyín, ó ti bọ́ ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀, ó ń fọwọ́ ra ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Àǹtí, mi ò mọ ìka ẹsẹ̀ mi lára mọ́. Wọ́n ní ẹsẹ̀ mi ló fẹ̀ jù."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fẹ̀ jù, kẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú débi pé mo lọ ka gbogbo ohun tí mo rí nípa bàtà síkì. Ohun tí mo sì rí ni pé ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń di ẹ̀bi bàtà yìí ru ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀. Ẹ fara balẹ̀, ó gùn díẹ̀.

Fún ẹni tí kò rí i rí: bàtà síkì kì í ṣe bàtà kan. Méjì ni, ọ̀kan wà nínú èkejì. Ti òde jẹ́ rọ́bà líle gbagidi bí àṣíborí ọlọ́kadà, ó ga kọjá ọrùn ẹsẹ̀ dé àárín ojúgun, ó sì sábà máa ń ní ìdè irin mẹ́rin níwájú. Ti inú rọ̀, ó ṣeé fà yọ, ó dà bí ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi tìmùtìmù rán. Liner ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n bàtà inú ni èmi máa pè é níbí.

Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ le tó bẹ́ẹ̀? Nítorí pé orúnkún ni wọ́n fi ń darí síkì. Tẹ́ ẹ bá tẹ orúnkún síwájú, ojúgun á ti iwájú bàtà, bàtà á ti síkì, etí síkì á gé wọnú yìnyín, ẹ ó sì yà. Tí àlàfo bá wà láàrin ẹsẹ̀ àti bàtà, ohun tí orúnkún sọ ò ní tètè dé ìsàlẹ̀. Ẹ rántí ọkọ̀ dáńfó tí sítíárìn rẹ̀ ti dẹ̀, tí dírẹ́bà á yí i títí kí táyà tó gbọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Láyé àtijọ́, awọ ni bàtà yìí. Àwọn aránbàtà ní agbègbè òkè Alps ló ń rán an, ní Switzerland, Austria àti Ítálì, okùn ni wọ́n sì fi ń dì í. Nígbà tó di àwọn 1950s, àwọn kan ń wọ ọ́ ní ìlọ́po méjì: bàtà awọ rírọ̀ nínú tó ní okùn tirẹ̀, bàtà awọ líle lóde tóun náà ní okùn tirẹ̀. Ẹ wo bí èèyàn ṣe máa di okùn mẹ́rin láàárọ̀ kùtù, pẹ̀lú ìka ọwọ́ tó ti gan! Baba ńlá bàtà inú nìyẹn ṣá. Ní 1955, ilé-iṣẹ́ Henke ní Switzerland gbé bàtà onídè irin jáde, èyí tí Hans Martin ṣe, ni okùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í kógbá sílé.

Awọ ní ìwà rere kan tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ó máa ń gbọ́ ti ẹsẹ̀. Tí egungun kan bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ fún awọ ní ọjọ́ díẹ̀, á yẹ̀ fún un. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, bàtà awọ tẹ́ ẹ rà fún ìgbéyàwó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa yín lọ́jọ́ kìíní, tó wá di ààyò yín lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé awọ kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ó ń mu omi yìnyín, ó ń rọ̀, ó ń fẹ̀. Ìgbà tó bá wá bá ẹsẹ̀ mu tán, ó ti dẹ̀ jù láti darí síkì.

Ọ̀rọ̀ yìí ló sú ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Bob Lange. Ìlú Dubuque ló wà, ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, ibi tí oko àgbàdo ti pọ̀ ju òkè yìnyín lọ fíìfíì. Iṣẹ́ rọ́bà ni iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ràn síkì. Láti ìparí àwọn 1950s ló ti ń wá bí òun ṣe máa fi nǹkan líle ró bàtà lágbára. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn 1960s, ó ti ní bàtà onídè irin tí gbogbo òde rẹ̀ jẹ́ polyurethane, oríṣi rọ́bà kan tó le dáadáa. Àwọn asáré síkì láti Kánádà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé e wọ̀ lọ sí ìdíje. Láàrin ọdún mélòó kan, awọ ti di ti àtijọ́. Ẹ tẹ orúnkún báyìí, síkì gbọ́ lójú ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n rọ́bà ò mojú ẹnikẹ́ni. Egungun yín yọ níbẹ̀? Kò kàn án. Kò ní yẹ̀ lónìí, kò ní yẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Iwájú bàtà ń gbá ojúgun àwọn èèyàn títí ó fi ń dá egbò sí wọn lára, débi pé ìrora náà gba orúkọ ilé-iṣẹ́ yẹn gan-an: Lange bang. Ẹ̀yin ẹ wò ó, kí wọ́n fi orúkọ bàbá yín sọ egbò 😭

Nítorí náà, iṣẹ́ tí awọ ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, pé kó máa bá ẹsẹ̀ mu díẹ̀díẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ṣe é mọ́. Bàtà inú ló bọ́ sí lọ́rùn. Láti ìparí àwọn 1960s títí di òní olónìí, wọ́n ṣì ń wá ohun tí wọ́n lè kó sínú rẹ̀ tó máa ṣe bí awọ láì dẹ̀ bí awọ. Ohun tí wọ́n ti kó sí i pọ̀ o.

Lange fúnra rẹ̀ gbìyànjú. Ó fi àpò pẹlẹbẹ sínú bàtà inú, ó kó nǹkan tó ń ṣàn bí ẹ̀kọ mímu sínú àpò náà, ó sì pè é ní Lange-Flo. Èrò rẹ̀ dára: ibi tí egungun bá ti tẹ̀ ẹ́, á ṣàn kúrò, á lọ dí ibi tí àlàfo wà. Àwọn mìíràn náà ṣe tiwọn. Àmọ́ nǹkan tó ń ṣàn kì í jókòó síbi kan, àpò sì lè jò. Ẹ fojú inú wo ẹ̀kọ nínú ìbọ̀sẹ̀ yín lórí òkè.

Èyí tó mú mi pariwo ni fóòmù bíbù. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ wọ bàtà, kẹ́ ẹ dúró. Wọ́n á po kẹ́míkà méjì pọ̀, wọ́n á sì fi ọ̀pá tín-tìn-tín fún un sínú bàtà inú nígbà tí ẹsẹ̀ yín ṣì wà nínú rẹ̀. Kẹ́míkà náà á máa gbóná, á máa wú bí búrẹ́dì tó wà nínú ààrò, á máa há yín mọ́ níbi gbogbo. Ẹ ò gbọdọ̀ mira títí á fi gan. Tẹ́ ẹ bá dúró dáadáa, bàtà tó bá ẹsẹ̀ yín mu pátápátá lẹ gbé lọ sílé. Tẹ́ ẹ bá yẹsẹ̀ nítorí ìrora, àṣìṣe yẹn náà gan síbẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ṣì ń ṣe é títí dòní. Ilé Strolz ní Lech, ní Austria, tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé aránbàtà ní 1921, lókìkí fún un.

Ní àwọn 1970s, ilé-iṣẹ́ Hanson ní Colorado ní kí àwọn èèyàn máa ti ẹ̀yìn wọ bàtà, bí ẹni wọ sálúbàtà. Salomon ti ilẹ̀ Faransé gba ọ̀nà yẹn náà, ó sì gbayì gan-an ní àwọn 1980s nítorí pé ó rọrùn. Àwọn asáré ní kò di ẹsẹ̀ mú tó. Nígbà tó di àárín àwọn 1990s, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wábi gbà.

Ẹni tí èmi fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí ni Sven Coomer. Ọmọ Australia ni, ó díje nínú pentathlon ní Òlíḿpíìkì Melbourne 1956. Ó wá bá Nordica ṣiṣẹ́, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1939 ní Montebelluna. Montebelluna yìí, ìlú àwọn aránbàtà ni ní àríwá Ítálì. Nígbà tí rọ́bà dé, wọn ò jókòó sunkún awọ, wọ́n kọ́ iṣẹ́ rọ́bà, ìlú wọn sì di ojúkò bàtà síkì lágbàáyé. Coomer ní ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Tí kò bá sí ohun tó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ ró, ẹsẹ̀ á tẹ́, á gùn sí i, á fẹ̀ sí i nínú bàtà, fóòmù tó dára jù láyé ò sì lè tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ló dá ZipFit sílẹ̀. Ohun tó kó sínú bàtà inú tirẹ̀ ni kọ́ọ̀kì, èèpo igi tí wọ́n fi ń dé ìgò wáìnì, tí wọ́n lọ̀ wẹ́wẹ́. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, tó bá sì dín kù, wọ́n lè fi kún un. Nínú gbogbo wọn, òun ló jọ awọ jù lójú tèmi.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù báyìí ni fóòmù tí iná ń rọ̀. EVA ni, irú fóòmù tó wà ní ìsàlẹ̀ bàtà tẹ́ ẹ fi ń sáré. Intuition ní Vancouver, ní Kánádà, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká. Wọ́n á mú bàtà inú gbóná, ẹ ó wọ̀ ọ́, ẹ ó dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tó bá tutù, ó ti gba àwòrán ẹsẹ̀ yín. Kò sí igbe.

Wàyí o, ẹsẹ̀ ta ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n ń ṣe gbogbo èyí? Ẹsẹ̀ ọkùnrin ni, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun obìnrin sábà máa ń sọ̀kalẹ̀ ju ti ọkùnrin lọ, nítorí náà etí bàtà tó dọ́gba lára ọkùnrin á máa gé obìnrin lẹ́ran. Gìgísẹ̀ wa náà sábà máa ń tín-ínrín jù, ó ń yọ̀ nínú bàtà. Wọ́n wá ń sọ fún àwọn obìnrin pé wọn ò lágbára tó. Jeannie Thoren, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó ti sáré síkì rí, kò gbà. Ó lo ọ̀pọ̀ ọdún láti máa lọ láti òkè kan sí òmíràn, ó ń tún bàtà àwọn obìnrin ṣe, ó sì ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ jà pé irinṣẹ́ ni kí wọ́n tún ṣe, kí wọ́n fi ara obìnrin sílẹ̀.

Mo sọ gbogbo èyí fún àbúrò mi. Ó ní, "Ó ti dáa o, Àǹtí, kí ni kí n wá ṣe?"

Mo bi í léèrè bàtà tó wọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fún òun ń kan òun lọ́mọ ìka, lòun bá gba èyí tó tóbi jù ú lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú sí. Tẹ́ ẹ bá dúró ṣánṣán, ọmọ ìka máa kan iwájú díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ orúnkún, gìgísẹ̀ á sún sẹ́yìn, ìka á sì kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá gba èyí tó tóbi, tìmùtìmù inú á fún pọ̀ láàrin ọjọ́ díẹ̀, gìgísẹ̀ á máa fò sókè, á wá fún ìdè irin pa kó má bàa yọ̀. Ìdè tó fún pa yẹn ló dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà. Ẹ̀jẹ̀ ò dé ìka, ìka kú tipiri.

Àṣírí kan tó yà mí lẹ́nu: 25 àti 25.5 sábà máa ń jẹ́ bàtà òde kan náà. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti dín díẹ̀ tàbí fi kún un. Nọ́ńbà yẹn, gígùn ẹsẹ̀ yín ní sẹ̀ǹtímítà ni, ẹ lè fi rúlà wọ̀n ọ́n nílé.

Ohun tí mo ní kó ṣe nìyí. Kó fa bàtà inú yọ. Kó ki ẹsẹ̀ lásán sínú rọ́bà òde, kó sún un síwájú títí ìka á fi kan iwájú fẹ́ẹ́rẹ́, kó wá wo ẹ̀yìn gìgísẹ̀. Àyè tó wà níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì lọ. Kó wọ ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo, kì í ṣe mẹ́ta tó dì lọ́jọ́ kìíní. Kó wọ bàtà náà fún ogún ìṣẹ́jú nínú ṣọ́ọ̀bù kó tó sọ pé ó há.

Ó padà lọ ní oṣù kejì. Ó wọn ẹsẹ̀ ẹ: 24.5. Ẹ mọ èyí tí wọ́n fún un nígbà àkọ́kọ́? 26, ó tún wá lọ gba 27 lé e.

Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní òun ṣubú bí ìgbà mẹ́rìnlá, òun sì mọ gbogbo ìka ẹsẹ̀ òun lára.