Ta Ló Ní Dandan Ni Kí Ọmọ Sùn Sí Ọsibítù?

Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 1882, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Carl Langenbuch yọ àpò òróòro ọkùnrin ẹni ọdún 43 kan ní ọsibítù Lazarus ní ìlú Berlin. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ìtàn mọ̀ pé ó ṣe irú rẹ̀. Ọkùnrin náà ti jẹ̀rora fún ọdún gbọọrọ, ó ti rù kan eegun, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì máa fi mọ́, sìgá ló ń fà lórí ibùsùn. Síbẹ̀, ó lé ní oṣù kan kí wọ́n tó ní kó máa lọ sílé. A kò lè dá Langenbuch lẹ́bi: ojú abẹ ìgbà yẹn gùn, penisilín kò sì tíì dé, bí ojú abẹ bá kẹ̀, ó lè di ikú. Àmọ́ ohun tó bẹ̀rẹ̀ bí ìṣọ́ra di àṣà, àṣà náà sì pẹ́ láyé ju ohun tó bí i lọ. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọdé tí wọ́n yọ àpò òróòro wọn ló ń padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn èèyàn sì máa ń ní ẹ̀rọ ìgbàlódé ló ṣe é. Ẹ̀rọ ṣe tirẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ohun tó falẹ̀ jù ni kí àwọn dókítà tó gbà pé ìyá lè tọ́jú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ abẹ.

Ẹ̀rí mi wà ní Glasgow, nílẹ̀ Scotland. Láàárín ọdún mẹ́wàá, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ James Nicoll àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní dípẹ́ńsárì ọsibítù ọmọdé tó wà ní òpópónà West Graham ṣe iṣẹ́ abẹ 8,988 fún àwọn ọmọ tí kò sùn síbẹ̀ rárá. Kì í ṣe eéwo ni wọ́n ń là o: ìpá ni, ètè tó là, ẹsẹ̀ tó wọ́, àní ọ̀pá ẹ̀yìn tí kò padé. Wọ́n á ṣe abẹ tán, ìyá á gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé, nọ́ọ̀sì á sì máa tọ̀ wọ́n lọ láti wo ojú abẹ. Nígbà tí Nicoll ro ẹjọ́ rẹ̀ níwájú àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1909, ó ní ọmọ ọwọ́ kò wúwo láti gbé, pé kò sì yẹ kí wọ́n já ọmọ tó ń mu ọmú gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó tilẹ̀ gba ilé kékeré kan nítòsí kí ìyá àti ọmọ lè jọ wà níbẹ̀. Ẹnìkan lè sọ pé iye lásán kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí kò ṣẹ́ kèké pín àwọn ọmọ náà sí ọ̀nà méjì kó tó fi wọ́n wéra. Bẹ́ẹ̀ ni, kò ṣe é. Ṣùgbọ́n inú àwọn ilé tí èrò há mọ́ jù lọ ní Britain ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí ń padà sí. Bó bá jẹ́ pé ilé ló ń pa ọmọ, kò ní ṣeé fi pamọ́ láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Bó bá sì jẹ́ àìsí irinṣẹ́ ló ń dá ọmọ dúró sí wọ́ọ̀dù, ó yẹ kí iṣẹ́ abẹ kéékèèké ti di ti ọjọ́ kan ṣoṣo níbi gbogbo kò pẹ́ lẹ́yìn Nicoll. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1952, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ James Robertson gbé fíìmù kan jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa Laura, ọmọ ọdún méjì àti oṣù márùn-ún, tí wọ́n gbà sí ọsibítù nítorí ìdodo rẹ̀ tó yọ. Ọjọ́ mẹ́jọ ló lò. Nítorí ìdodo! Àwọn òbí rẹ̀ kàn ń yà wò ó ni. Ọmọ náà ń gbé ẹkún mì, nígbà tí wọ́n sì ń lọ sílé, kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ di òun lọ́wọ́ mú. Fíìmù náà bí ọ̀pọ̀ dókítà àti nọ́ọ̀sì nínú. Ó di 1959 kí ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní ìgbìmọ̀ Platt tó dábàá fún ìjọba pé kí òbí máa rí ọmọ wọn nígbàkigbà, kí ìyá sì lè bá ọmọ kékeré dúró. Àádọ́ta ọdún ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ Nicoll nígbà náà.

Ti àpò òróòro tún pẹ́ ju ti ìdodo lọ, nítorí abẹ́ ẹ̀dọ̀ ló sá pamọ́ sí, wọ́n sì ní láti la ikùn gbòòrò kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ kan, Erich Mühe, ló kọ́kọ́ gba ihò kékeré yọ ọ́, ní Böblingen ní Jámánì, ní 1985 (àwọn oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ rẹ̀ kò kọ́kọ́ kà á sí). Nígbà tí àwọn ọdún 1990 bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà yìí ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé. Síbẹ̀, ọmọ ṣì ní láti sùn. Kí ni wọ́n ń ṣe fún un lóru ọ̀hún? Omi, oògùn ìrora, àti kí wọ́n máa wò ó. Ohun tó wá mú òru yẹn kúrò kò ju pé kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà láàárọ̀ kùtù, kí wọ́n gún ojú ihò náà lábẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora, kí wọ́n fún ọmọ ní oògùn èébì, kí parasitamọ́ọ̀ àti ibuprofen gba ipò oògùn ìrora líle tó ń mú kí oorun máa kùn ún, kí ó sì mu nǹkan bó bá ti jí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á kọ́ ìyá: bí èjìká bá ń dùn ún, afẹ́fẹ́ tí wọ́n fẹ́ sínú ikùn ló sábà máa ń fà á; ṣùgbọ́n bí ara bá gbóná, bí ojú bá pọ́n bí pupa ẹyin, tàbí tí èébì kò dá, ẹ tètè padà wá. Kò sí ẹ̀rọ tuntun kan nínú gbogbo ìyẹn.

Àwọn tó ń ṣiyèméjì ní ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n ní owó ni ọsibítù ń ṣọ́, pé wọ́n kàn di iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ru ìyá ni. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Nicoll náà sọ pé ìnáwó àpà ni wọ́ọ̀dù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tirẹ̀ ń tẹ̀lé ọmọ délé, ọsibítù tó bá sì dá ọmọ sílẹ̀ láìsí nọ́ńbà fóònù tí ẹnìkan yóò gbé lóru kò lè pe Nicoll ní ẹlẹ́rìí. Wọ́n tún ní ewu wà nílé. Ó wà: àwọn ọmọ kan kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọ̀fun nítorí oògùn codeine, títí Amẹ́ríkà fi kìlọ̀ ní 2013, tó sì ní kí wọ́n má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 mọ́ ní 2017. Oògùn ni wọ́n yí padà, wọn kò sọ pé kí gbogbo ọmọ padà sí wọ́ọ̀dù. Àtakò kan ṣoṣo ni mo gbà pátápátá, àwa gan-an ló sì kàn. Òkúta inú àpò òróòro wọ́pọ̀ lára ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, Nàìjíríà sì ni wọ́n ti ń bí irú wọn jù lọ láyé. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gba ẹ̀jẹ̀ ṣáájú abẹ, ó ń fẹ́ omi lára dáadáa, àìsàn àyà tó lè gbẹ̀mí rẹ̀ sì lè máà yọjú títí di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Kí ìyẹn sùn síbẹ̀, kí ìyá rẹ̀ sì sùn tì í.