Àmọ́ra Kọ́ ni Àṣẹ́kù: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀nà tí Ẹ̀dá Abẹ̀mí Ń Gbà Yí Padà láti Ìran dé Ìran

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bákan náà ni kò tọ́ kí ẹni tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ìṣe ẹ̀dá abẹ̀mí panu mọ́ nígbà tí àlàyé tí kò gún bá ń wọ inú ìwé tí àwọn ọmọ wa yóò kà. Ọ̀mọ̀wé àgbà kan tí mo ń wárí fún, tí mo sì ti jẹ àǹfààní ìwé wọn lọ́pọ̀ ìgbà, kọ ọ́ láìpẹ́ yìí pé ìdí tí oògùn kò fi pa ẹ̀fọn mọ́ ni pé ara ẹ̀fọn ti mọ́ oògùn náà, pé àìní ni ó kọ́ kòkòrò yìí lọ́gbọ́n, àti pé ohun tí Darwin wí gan-an nìyẹn. Òwe ni wọ́n fi ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn: díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Òwe náà dùn létí, ṣùgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀ kan ṣoṣo ni ó ń sọ; èyí tí ó ki imú bọ ọgbà ní òwúrọ̀ náà ni ó wọ ọgbà tán ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀fọn tí ó kọ́kọ́ pàdé oògùn kọ́ ni ẹ̀fọn tí ń kùn sí wa létí lónìí. Lórí ìyàtọ̀ yìí, tí ó dà bí ẹni pé kò tó nǹkan, ni mo fẹ́ dúró.

N kò ní í fi àkókò òǹkàwé ṣòfò lórí ohun tí jíìnì jẹ́, tàbí bí ọmọ ṣe ń gba ìdajì tirẹ̀ lọ́wọ́ baba àti ìdajì lọ́wọ́ ìyá. Ẹni tí ó bá ń ka irú ìwé yìí ti mọ ìyẹn. Ìtàn náà pẹ̀lú kò fara sin. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1858 ni a ka ọ̀rọ̀ Charles Darwin àti ti Alfred Russel Wallace pọ̀ níwájú ẹgbẹ́ Linnean Society ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì kò sì sí níbẹ̀, nítorí pé Wallace wà ní àwọn erékùṣù òkèèrè ní ìlà-oòrùn ayé, Darwin sì wà nínú ọ̀fọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ìwé ńlá Darwin jáde ní 1859. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti sọ ṣáájú Darwin pé àìní àti ìlò ni ó ń yí ara ẹ̀dá padà, tí ọmọ sì ń jogún ohun tí òbí rẹ̀ fi ìlò rí gbà, ni Lamarck, ará Faransé, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1809, ọdún tí a bí Darwin. Ọ̀rọ̀ Lamarck ni ọ̀mọ̀wé wa sọ, tí wọ́n sì fi orúkọ Darwin sí i. Kí n má ṣe àìṣòótọ́: Darwin fúnra rẹ̀ kò lé èrò yìí jáde pátápátá, ìwé rẹ̀ ti 1868 sì fi hàn pé ó ṣì fi àyè sílẹ̀ fún un. Èyí jẹ́ àwíjàre fún wọn, ṣùgbọ́n kò tó láti dá wọn láre, nítorí pé kì í ṣe apá yẹn nínú ọ̀rọ̀ Darwin ni ó dúró.

Mo gbà pé orúkọ tí a fún ọ̀rọ̀ Darwin, àṣàyàn (natural selection), ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ní 1866 Wallace kọ lẹ́tà sí Darwin, ó ń rọ̀ ọ́ pé kí ó pa orúkọ náà dà, nítorí pé nígbà tí ènìyàn bá ti gbọ́ pé a ń ṣa nǹkan, yóò máa wá ẹni tí ń ṣà á. Ó dábàá gbólóhùn Herbert Spencer nípa èyí tí ó yẹ jù lọ tí ó wà láàyè, Darwin sì mú un wọ ẹ̀dà karùn-ún ìwé ńlá rẹ̀ ní 1869. Àwa pẹ̀lú ti jogún ìyọnu kan náà, nítorí pé bí a bá ti pè é ní àṣàyàn, ojú inú ẹni ti rí ìyá tí ó jókòó ti àtẹ tí ó ń ṣa ẹ̀wà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìyá kankan nídìí àtẹ yìí. Èyí ni mo fi ń dábàá pé kí a máa pè é ní àṣẹ́kù, kí a sì yà á sọ́tọ̀ pátápátá kúrò lára ohun tí mo ń pè ní àmọ́ra.

Kí ni àmọ́ra? Òun ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ara kan láàárín ìgbà ayé rẹ̀. Ọwọ́ àgbẹ̀ a máa le nítorí èèkù ọkọ́, ẹni tí kò jẹ ata rí a sì máa sunkún nídìí ọbẹ̀ tí aya ilé ń lá bí oyin, títí tí òun náà yóò fi máa bèèrè pé ata dà. Ṣùgbọ́n ọmọ àgbẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ a rọ̀ bí òwú ní ọjọ́ tí a bí i. Bóyá kò sí orílẹ̀-èdè tí ó yẹ kí ó mọ èyí tó tiwa, àwa tí àwọn baba wa kọ àbàjà, pélé àti gọ̀ǹbọ́ fún ìran lẹ́yìn ìran, tí a kò sì gbọ́ rí pé ọmọ kan gbé ilà wá láti inú ìyá rẹ̀. Olóòlà ni a ń ké sí nígbà gbogbo. Nígbà tí August Weismann ní Jámánì gé ìrù eku fún ìran márùn-ún, tí ó sì wo ọmọ 901 tí wọ́n bí, tí kò rí ìkankan tí ìrù rẹ̀ kúrú, ohun tí olóòlà ilé wa ti mọ̀ tipẹ́ ni ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Àṣẹ́kù yàtọ̀. Kò sí ara kan tí ó yí padà nínú rẹ̀. Ẹ wo ajọ̀ tí a fi ń ku gàrí: ajọ̀ kì í lọ gàrí, kò sì sọ hóró kan di kíkúnná, èyí tí ó kúnná ti kúnná kí ó tó dé ojú ajọ̀, ohun tí ajọ̀ ṣe kò ju pé ó jẹ́ kí ó kọjá. Ìyàtọ̀ ti wà nínú agbo kí ìpọ́njú tó dé. Bí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ èyí tí ọmọ ń jogún, tí àwọn tí ó ní i sì ń bí ọmọ tí ó yè ju ti àwọn tí kò ní i lọ, agbo náà yóò yí padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú agbo yí padà. Ibẹ̀ ni àfiwé ajọ̀ mi ti tán, nítorí pé gàrí tí ó bọ́ sínú igbá kì í bímọ. Kí a wá so ó pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ tí ó ń fi ṣírí àgbàdo tí ògbẹlẹ̀ kò pa ṣe irúgbìn ọdún tí ń bọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ lásán ni mo ń tò, kí ó gbọ́ ohun tí Salvador Luria àti Max Delbrück ṣe ní 1943. Wọ́n sin bakitéríà nínú ọ̀pọ̀ ìgò, ìgò kọ̀ọ̀kan láti ara ìwọ̀nba díẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n dà wọ́n sórí àwo tí fáírọ́ọ̀sì tí ń pa wọ́n wà. Bí ó bá jẹ́ pé ìpàdé pẹ̀lú fáírọ́ọ̀sì ni ó ń kọ́ bakitéríà lọ́gbọ́n, iye tí yóò yè nínú àwo kọ̀ọ̀kan ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwo kan kò ní ìkankan, òmíràn sì kún fọ́fọ́, gẹ́gẹ́ bí ìdílé tí baba ńlá wọn tètè bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ ṣe ń pọ̀ ju ti aládùúgbò rẹ̀ lọ. Èyí ni pé aláìkú àkọ́kọ́ ti wà nínú ìgò kí fáírọ́ọ̀sì tó dé. Ní 1952 Joshua àti Esther Lederberg fi aṣọ àrán tẹ àwo bakitéríà, wọ́n fi tẹ àwo mìíràn tí oògùn wà nínú rẹ̀, wọ́n sì padà sí ojúkò kan náà nínú àwo àkọ́kọ́ tí oògùn kò kàn rí: àwọn tí oògùn kò lè pa ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ti ẹ̀fọn gan-an, tí ó dá ìjà yìí sílẹ̀, kò jìnnà sí wa. Ní agbègbè Sókótó, ní àríwá Nàìjíríà, ní 1955, a rí i pé oògùn apakòkòrò dieldrin kò pa ẹ̀fọn ibà mọ́ bí ó ti yẹ. G. Davidson mú irú ẹ̀fọn bẹ́ẹ̀ tí ó ṣẹ̀ wá láti abúlé Ambursa, ó mú wọn gun àwọn tí oògùn ń pa, ó sì kéde ní 1956 pé jíìnì kan ṣoṣo ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, tí ó ń pín láti òbí dé ọmọ bí Mendel ti wí. Ohun tí ó yẹ kí ọ̀mọ̀wé wa ronú lé lórí ni ìròyìn kejì, ti 1964: ẹ̀fọn tí dieldrin kò pa pọ̀ ní ibi kan ní àríwá kan náà tí a kò fín oògùn sí. Ta ni ó wá kọ́ àwọn yẹn lọ́gbọ́n?

Ẹyẹ erékùṣù Daphne Major ní Galápagos, tí Peter àti Rosemary Grant bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ní 1973, kò ní dá wa dúró pẹ́. Ọ̀dá 1977 pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, nítorí pé èso líle nìkan ni ó kù nílẹ̀. Àwọn tí àgógó wọn nípọn ni ó ṣẹ́kù, àgógó ọmọ wọn sì nípọn ju ti agbo àtijọ́ lọ. Nígbà tí òjò ńlá 1983 mú èso wẹ́wẹ́ pọ̀, ọ̀ràn náà yí padà sí òdìkejì, ó ṣojú rere sí àgógó kékeré.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ ara tiwa ni ibà. Ọmọ tí a tọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, tí ibà ti dá wó lọ́pọ̀ ìgbà, ara rẹ̀ a máa mọ́ ọn débi pé bí ó bá dàgbà, ibà kì í tètè pa á mọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá lọ gbé Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún mélòó kan, agbára náà a dín kù. Ìyá a máa fi díẹ̀ nínú rẹ̀ sin ọmọ rẹ̀ fún oṣù díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tán. Àmọ́ra nìyẹn. Nínú ara kan náà, lòdì sí àrùn kan náà, àṣẹ́kù tún wà: Anthony Allison fi hàn ní 1954 pé ibà kì í tètè ṣe ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS lọ́ṣẹ́. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni ó jẹ́ AS ní Nàìjíríà. Láàárín àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣẹ̀ wá láti Áfíríkà, nǹkan bí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ni, nítorí pé ìran wọn ti dà pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn, ibà tí ń dá AS sí kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí AS méjì bá fẹ́ ara wọn, ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bí ní ìṣeéṣe ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS, tí fòníkú-fọ̀la-dìde yóò máa jẹ níyà. Bí ó bá jẹ́ pé àìní ni ó ń kọ́ ara lọ́gbọ́n, irú ọgbọ́n wo ni èyí, tí ó ń fi ẹ̀mí àbúrò ra ẹ̀mí ẹ̀gbọ́n? Àṣẹ́kù kò ní àánú, kò sì ní ìkà. Iye tí ó yè ni ó ń kà.

N kò sọ pé ọ̀rọ̀ ti tán síbẹ̀. Motoo Kimura fi hàn láti 1968 pé ọ̀pọ̀ ìyípadà nínú jíìnì kò ti ọwọ́ ìpọ́njú wá, alábàápàdé lásán ni, ó sì lè jẹ́ pé ọjọ́ iwájú yóò fún àmọ́ra ní igun kékeré kan tí n kò tíì rí. Síbẹ̀, ní ti ẹ̀fọn, ti bakitéríà, ti àgógó ẹyẹ àti ti ẹ̀jẹ̀ wa, n kò rí ibi tí a lè gbé e kalẹ̀ sí.

Ìbéèrè kan ti gbà mí lọ́kàn láti ìgbà tí mo ti ń to ọ̀rọ̀ yìí, òun ni mo sì fẹ́ fi ọdún tí ń bọ̀ lé. Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrójayé, Dúrósinmí, Bánjókòó: orúkọ wọ̀nyí jẹ́ ẹ̀bẹ̀ tí ìyá bẹ ọmọ tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ. Ó dá mi lójú pé kì í ṣe àrùn kan ṣoṣo ni ó bí àbíkú. Ibà fúnra rẹ̀ àti èéyi ní ìpín tiwọn. Ṣùgbọ́n bí a bá lè mọ ìdílé tí orúkọ wọ̀nyí ti ń tún ara wọn ṣe, iye ọmọ tí a bí, iye tí ó lọ, ọjọ́ orí tí wọ́n fi lọ, àti bí eegun bá ń ro wọ́n, a ó lè mọ irú ìpín tí SS ní nínú rẹ̀. Àwọn àgbà tí ó lè sọ ọ́ kò pọ̀ mọ́. Mo bẹ ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ ṣì ní ìyá àgbà nílé, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ kọ ohun tí wọ́n bá rántí sílẹ̀ láìdárúkọ ìdílé, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí olóòtú ìwé yìí.