Ihò Tó Bí Ìlú: Ìtàn Ìṣẹ̀dálẹ̀ Banff Láàárín Àwọn Òkè Rockies

Ìlú mìíràn wà tó jẹ́ pé ọdẹ ló tẹ̀ ẹ́ dó nígbà tó ń lépa ẹran. Òmíràn, ọmọ ọba tí wọ́n fi oyè dù ló kó àwọn èèyàn rẹ̀ jáde, tó lọ dá ilẹ̀ tirẹ̀. Ti Banff, ìlú kékeré tó wà láàárín àwọn òkè Rockies ní ìpínlẹ̀ Alberta, lórílẹ̀-èdè Kánádà, kò rí bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ rélùwéè mẹ́ta àti ihò kan tó ń rú èéfín ló wà nídìí ìtàn tirẹ̀.

Ìgbà ìwọ́wé ọdún 1883 ni. Ilé-iṣẹ́ Canadian Pacific Railway, tí wọ́n ń pè ní CPR, ń la ojú irin gba àárín òkè lọ sí etí òkun Pàsífíìkì. Frank McCabe àti àwọn ọmọ ìyá méjì, William àti Tom McCardell, ṣàkíyèsí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ń ṣàn wálẹ̀ lára òkè kan. Wọ́n tọ ipa rẹ̀ lọ títí wọ́n fi kan ihò kan nínú àpáta, tí òórùn imí ọjọ́ ń tinú rẹ̀ jáde. Wọ́n gé igi, wọ́n tì í bọ inú ihò náà bí àkàbà, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀. Adágún omi gbígbóná ni wọ́n bá nísàlẹ̀, nínú òkùnkùn.

Ẹni tó ti ń fi ṣọ́bìrì àti òòlù jà pẹ̀lú òtútù láti oṣù dé oṣù yóò mọ ohun tí irú omi bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwẹ̀ nìkan ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí, wọ́n rí owó níbẹ̀. Wọ́n kọ́ ahéré kan sí ẹ̀bá rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí ilẹ̀ náà yóò ṣe di tiwọn. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn náà fi dìde pé àwọn ló ni ín. Bí ọ̀rọ̀ ṣe di àríyànjiyàn nìyẹn, tí ìjọba Kánádà fi dá sí i. Ní ọjọ́ 25, oṣù Kọkànlá, ọdún 1885, ìjọba pàṣẹ pé kìlómítà onígun mẹ́rin 26 tó yí omi náà ká kò ṣeé tà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ tẹ̀dó síbẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, òfin sọ ọ́ di ọgbà tó fẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 673, fún ìgbádùn gbogbo ọmọ Kánádà. Òun ni ọgbà orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Kánádà. Lónìí, ọgbà Banff fẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 6,641, àṣẹ tó bí i sì pé ogóje ọdún ní 2025.

Ti gbogbo èèyàn: ìlérí tí wọ́n fi tẹ ibẹ̀ dó nìyẹn. Ẹni tó bá ń kiri àwọn ibi tó lẹ́wà ní Banff, ojú rẹ̀ yóò máa rí ibi tí wọ́n ti mú ìlérí náà ṣẹ àti ibi tí wọ́n ti dà á.

Àwọn kan ti mọ omi náà kí rélùwéè tó dé. Ní ẹ̀bá Vermilion Lakes, àwọn adágún pẹlẹbẹ tí kò jìnnà sígboro, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ibi tí èèyàn ti pàgọ́ sí ní ohun tó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọdún sẹ́yìn lọ. Lónìí, ibẹ̀ ni àwọn ayàwòrán ń lọ jókòó sí láàárọ̀ kùtù láti ya àwòrán òkè Rundle bó ṣe ń hàn nínú omi bí ẹni wo dígí. Àwọn Stoney Nakoda, àwọn Blackfoot, àwọn Tsuut'ina àti àwọn Ktunaxa ni wọ́n ń ná ilẹ̀ yìí, tí wọ́n ń dẹ igbó rẹ̀. Lẹ́yìn tí ọgbà dé, àwọn aláṣẹ ní kí Nakoda má ṣe dẹ igbó níbẹ̀ mọ́, wọ́n sì lé wọn sẹ́yìn ààlà rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Síbẹ̀, nígbà tí àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, wọ́n ń ránṣẹ́ pè wọ́n lọ́dọọdún síbi ayẹyẹ Banff Indian Days, pé kí wọ́n wá jó, kí wọ́n wá gẹṣin. Onílé wá di ẹni tí wọ́n ń pè wá jó nínú àgbàlá ara rẹ̀.

Orúkọ ìlú náà gan-an, Scotland ló ti wá, láti Banffshire, agbègbè tí àwọn kan nínú àwọn ọ̀gá CPR ti ṣẹ̀ wá. Ọdún 1886 ni George Stewart, ẹni tó di alábòójútó àkọ́kọ́ fún ọgbà náà, wọn ilẹ̀ ìgboro tó sì la àwọn òpópónà rẹ̀. Orúkọ ẹranko ni wọ́n sọ púpọ̀ nínú wọn: òpópónà Béárì, òpópónà Ìkookò, òpópónà Ọ̀kẹ́rẹ́, òpópónà Ehoro, òpópónà Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Èyí tó gbòòrò jù, Banff Avenue, kọjú tààrà sí òkè Cascade, tó ga tó mítà 2,998. Kò sí ibi tí èèyàn dúró sí ní òpópónà yẹn tí òkè náà kò ní máa wò ó.

Àwọn ọ̀gá rélùwéè mọ̀ pé ojú irin tó gba àárín òkè kò lè jèrè bí kò bá sí èrò. Ọ̀kan lára wọn, William Cornelius Van Horne, ní kí wọ́n kọ́ ilé ìtura ńlá sí ibi tí odò Bow àti odò Spray ti pàdé. Bruce Price ló ya àwòrán rẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣí ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹfà, ọdún 1888. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé agbaṣẹ́ṣe yí àwòrán náà sódì, tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń se oúnjẹ ní ilé ìdáná ni ojú wọn kọ sí odò, nígbà tí àlejò tó sanwó ń wo igbó. Iná jó ilé onígi náà ní 1926. Èyí tó dúró síbẹ̀ báyìí, tí wọ́n fi òkúta kọ́ bí ààfin, parí ní 1928. Ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ ni láti ibẹ̀ dé Bow Falls, níbi tí odò Bow ti ń já lu àpáta kó tó gba ìsàlẹ̀ lọ.

Òkè tí ihò náà wà lára rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Sulphur Mountain, òkè imí ọjọ́. Norman Sanson, olùtọ́jú ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú náà, kò fi orí òkè yìí sílẹ̀. Ní 1903, wọ́n kọ́ ilé òkúta kékeré kan sí ṣóńṣó rẹ̀ láti máa wo ojú ọjọ́. Sanson ló ń gun un lọ kọ àkọsílẹ̀, lẹ́ẹ̀rùn, lójò dídì, ó sì gùn ún ju ẹgbẹ̀rún ìgbà lọ. Ilé náà ṣì wà níbẹ̀. Láti 1959, ọkọ̀ orí wáyà ń gbé èèyàn dé ibi tó súnmọ́ ọn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó ń lọ́ wọ́lọ́wọ́lọ́ gun òkè náà kò tíì parẹ́, ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá le lè gbà á. Ẹni tó bá sì fẹ́ wẹ̀, Upper Hot Springs wà lára òkè kan náà, ní gíga mítà 1,585. Kò sí ìsun omi gbígbóná mìíràn ní Kánádà tó ga tó o.

Nínú ihò àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní Cave and Basin, ẹnikẹ́ni kì í wẹ̀ mọ́. Ìṣáwùrú kan, tí kò tóbi ju èékánná ọmọ ìka lọ, ń gbé inú omi onímí-ọjọ́ yẹn, kò sì sí irú rẹ̀ níbòmíràn láyé yàtọ̀ sí àwọn ìsun omi mélòó kan lára òkè náà. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ run. Nítorí rẹ̀, ẹni tó bá ti ọwọ́ bọ omi náà ti rú òfin. Omi tí èèyàn mẹ́ta jà fún ti wá di ti ìṣáwùrú.

Ní ìlà oòrùn ìlú ni Lake Minnewanka wà, orúkọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Nakoda jẹ mọ́ omi àwọn ẹ̀mí. Àlejò ń wọ ọkọ̀ ojú omi lórí rẹ̀, wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ ní etí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé abúlé kan wà lábẹ́ omi náà. Àwọn ilé ìtura àti ilé ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn wà ní Minnewanka Landing tẹ́lẹ̀. Ní 1941, nígbà ogun àgbáyé kejì, wọ́n fi agbára òfin ogun kọ́ dáàmù iná mànàmáná kan tó gbé omi náà sókè ní nǹkan bíi mítà 30, abúlé náà sì rì. Àwọn òmùwẹ̀ tó ń gbé afẹ́fẹ́ sẹ́yìn ṣì máa ń lọ wo ìpìlẹ̀ àwọn ilé náà nísàlẹ̀. Ní ojú ọ̀nà adágún yìí kan náà ni Bankhead wà, ìlú àwọn awakùsà èédú tí CPR dá sílẹ̀ ní 1903. Nígbà tí wọ́n ti ibi ìwakùsà náà pa ní 1922, wọ́n wọ́ púpọ̀ nínú àwọn ilé rẹ̀ lọ sí Banff. Òfin ọdún 1930, tó sọ ibẹ̀ ní Banff National Park, kò gba ìwakùsà tuntun láàyè mọ́ nínú ọgbà.

Ọ̀nà tó lọ láti Banff sí Lake Louise lẹ́wà. Ó gba ẹ̀bá Johnston Canyon, àfonífojì tóóró tí wọ́n fi irin de ọ̀nà mọ́ ògiri àpáta rẹ̀ kí èèyàn lè rìn lórí omi tó ń hó. Ó sì gba abẹ́ Castle Mountain, òkè tó rí bí odi ààfin. Àlejò gbọ́dọ̀ dúró níbẹ̀, kì í ṣe nítorí ẹwà òkè nìkan. Láti 1915 di 1917, ìjọba kó àwọn àjòjì sí àgọ́ ìsémọ́ nísàlẹ̀ òkè yẹn. Ará Ukraine ló pọ̀ jù nínú wọn. Kì í ṣe pé wọ́n hùwà ọ̀daràn; ohun tí wọ́n rí sí wọn ni pé abẹ́ ìjọba Austria-Hungary, tí ogun wà láàárín òun àti Kánádà, ni wọ́n ti wá. Ọwọ́ wọn ni wọ́n fi la lára ọ̀nà tí àwọn arìnrìn-àjò ń gbà báyìí. Nígbà òtútù, ẹ̀gbẹ́ Cave and Basin ni wọ́n ń kó wọn lọ. Ní 2013, wọ́n ṣí ilé àfihàn síbẹ̀ ní ìrántí wọn.

Lake Louise fúnra rẹ̀, tí èèyàn bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan, kì í kúrò lójú. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró tí wọ́n bu omi là. Yìnyín orí òkè ló fà á: bó ṣe ń rọra yọ́ wálẹ̀, ó ń lọ àpáta kúnná ju èlùbọ́ lọ, omi a gbé ìyẹ̀fun náà wọ adágún, ìmọ́lẹ̀ oòrùn a sì bá a níbẹ̀. Ìtàn ìwé sọ pé Tom Wilson ló ṣàwárí rẹ̀ ní 1882. Ẹni tó mú Wilson débẹ̀ jẹ́ ọmọ Nakoda, orúkọ tí àwọn èèyàn rẹ̀ sì ń pe omi náà ni adágún ẹja wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi orúkọ ọmọọbabìnrin Louise Caroline Alberta, ọmọ Ọbabìnrin Victoria, sọ ọ́. Òun kan náà ni wọ́n fi sọ ìpínlẹ̀ Alberta lórúkọ. Moraine Lake kò jìnnà síbẹ̀, òkè mẹ́wàá ló tò yí i ká, àwòrán rẹ̀ ló sì wà lẹ́yìn owó ogún dọ́là Kánádà ti 1969. Èrò pọ̀ débi pé láti 2023, wọn kò jẹ́ kí ọkọ̀ aládàáni lọ síbẹ̀ mọ́. Bọ́ọ̀sì ló ń gbé èèyàn.

Èrò gan-an ni ìṣòro tó wà nílẹ̀. Iye àwọn tó ń gbé Banff ní ìkànìyàn 2021 jẹ́ 8,305. Àlejò tó ń wọ ọgbà náà lọ́dún ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ. Ìjọba àpapọ̀ ló ń ṣàkóso ìlú náà títí di ọjọ́ kìíní, oṣù Kìíní, ọdún 1990, kó tó ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Títí di òní, ilẹ̀ ibẹ̀ kò ṣeé rà. Ìjọba ló ń yá èèyàn. Ẹni tí kò bá ní iṣẹ́ tàbí òwò tó ń ṣe níbẹ̀, kò lè kàn lówó lọ́wọ́ kó ní òun fẹ́ ra ilé síbẹ̀. Èyí mú òtítọ́ àṣẹ 1885 dúró dáadáa.

Wọ́n mú un dúró fún ẹranko pẹ̀lú. Òpópónà márosẹ̀ Trans-Canada la àárín ọgbà náà kọjá, ọkọ̀ sì ń pa ẹran. Wọ́n ṣe ọgbà onírin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì kọ́ afárá tí koríko àti igi hù lé lórí kí ẹranko lè sọdá. Àkọ́kọ́ nínú wọn parí láàárín àwọn ọdún 1990. Báyìí, afárá mẹ́fà àti ọ̀nà abẹ́ títì 38 ló wà. Ó gba béárì ní ọdún mélòó kan kó tó fọkàn tán afárá náà, ṣùgbọ́n iye ẹran tí ọkọ̀ ń pa ti dín kù ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ní 2017, wọ́n kó bísọ̀n 16 padà wá sí igbó náà, ẹran bí ẹfọ̀n tí ìbọn ti pa run níbẹ̀ kí ọgbà tó dé. Wọ́n ti ju ọgọ́rùn-ún lọ.

Ohun tí wọ́n jẹ gbèsè rẹ̀ sí Nakoda àti àwọn ará wọn kò tíì san tán bí wọ́n ṣe san ti bísọ̀n. Ẹni tó bá ń lọ sí Banff, bóyá ó ní ẹbí ní Calgary, tí kò ju nǹkan bíi 130 kìlómítà lọ síbẹ̀, kó má ṣe kọ́kọ́ sáré lọ sí Lake Louise. Kó bẹ̀rẹ̀ láti Cave and Basin, kó wo ihò, kó wo ìṣáwùrú, kó wọ ilé àfihàn àwọn tí wọ́n sé mọ́. Lẹ́yìn náà, kó lọ sí ilé àkójọ Buffalo Nations, tó ń sọ ìtàn àwọn tó kọ́kọ́ ni ilẹ̀ náà. Ẹ̀gbẹ́ kan náà odò Bow ni ibi méjèèjì wà, ẹsẹ̀ lásán sì gbé e.