Ihò Ọta Ìbọn 245: Ọjọ́ Kan ní Ìlú Gwangju

Bó bá jẹ́ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lẹ ti ń gbọ́ wa, ẹ fara balẹ̀, ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn la fẹ́ jọ rìn lónìí.

Gwangju ni wọ́n ń pe ìlú náà, ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Kòríà Gúúsù. Oṣù Karùn-ún ni mo lọ. Láti Seoul, ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá gbé mi débẹ̀ láàárín bíi wákàtí méjì. Kí n má parọ́ fún yín, fíìmù ló jẹ́ kí n mọ ìlú náà: A Taxi Driver, tó jáde ní 2017. Orí fóònù ni mo ti wò ó nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Mo sunkún, mo sì rò pé mo ti mọ ìtàn náà tán. Àṣé n kò tíì mọ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Park Chung-hee, ológun tó fipá gbàjọba ní 1961, lo ọdún 18 lórí oyè. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá 1979, olórí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tirẹ̀ gan-an yìnbọn pa á nídìí oúnjẹ alẹ́. Àwọn èèyàn rò pé ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́. Àṣé òru ṣì kù. Nígbà tó di ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, ọ̀gágun kan, Chun Doo-hwan, fipá gba agbára nínú iṣẹ́ ológun. Ní alẹ́ ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún 1980, wọ́n na òfin ológun dé gbogbo orílẹ̀-èdè. Wọ́n ti yunifásítì pa, wọ́n fòfin de ìṣèlú, wọ́n sì kó àwọn olóṣèlú. Kim Dae-jung wà lára wọn, ẹni tí àwọn ará agbègbè Gwangju ń pè ní ọmọ wa.

Ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Chonnam ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn mi. Ìlú náà ti fi nọ́ńbà sí àwọn ibi ìtàn rẹ̀, ibẹ̀ ni nọ́ńbà kìíní. Ní àárọ̀ ọjọ́ 18, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dé ibẹ̀, wọ́n bá àwọn sọ́jà tó dí ọ̀nà. Wọ́n ní kí wọ́n padà sílé, wọ́n kọ̀. Kóńdó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ìyà náà ti dé àárín ìlú, kò sì mọ akẹ́kọ̀ọ́ mọ́, kò mọ ọlọ́jà. Ẹni tí wọ́n kà sí ẹni àkọ́kọ́ tó kú jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin kan tí kì í gbọ́rọ̀, tí kò sì lè sọ̀rọ̀. Wọ́n lù ú títí, kò lè ṣàlàyé ara rẹ̀.

Àwọn onímọ́tò ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 20, takisí àti bọ́ọ̀sì tò lọ bẹẹrẹ ní òpópónà Geumnam-ro, wọ́n tan iná iwájú ọkọ̀, wọ́n ń fọn fèrè, wọ́n sì forí lé ibi tí àwọn sọ́jà wà. Lọ́jọ́ kejì, ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán, níwájú ilé ìjọba ìpínlẹ̀, sọ́jà ṣí ìbọn sí èrò. Àwọn ará ìlú náà lọ kó ìbọn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ológun ti fà sẹ́yìn kúrò láàárín ìlú, wọ́n sì dí gbogbo ọ̀nà tó wọ ibẹ̀.

Fún bíi ọjọ́ márùn-ún, àwọn ará Gwangju ṣàkóso ara wọn. Àwọn ìyá ọlọ́jà se ìrẹsì, wọ́n fọwọ́ rọ ọ́ roboto bí ìkúùkù, wọ́n sì ń pín in fún àwọn ọmọ olọ́mọ. Wọ́n ń pe oúnjẹ náà ní jumeok-bap. Èèyàn tò sílé ìwòsàn láti fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń pàdé ní gbàgede, tí kálukú ń sọ tẹnu rẹ̀. Nígbà tó di ìdájí ọjọ́ 27, àwọn sọ́jà padà dé pẹ̀lú ọkọ̀ ogun. Àwọn kan kọ̀ láti kúrò nínú ilé ìjọba. Wọ́n mọ̀ pé àwọn kò lè borí. Yoon Sang-won, agbẹnusọ wọn, wà lára àwọn tó kú sínú ilé náà.

Ilé yẹn ṣì wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn àṣà Asia Culture Center. Ní agogo márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú 18 ìrọ̀lẹ́, agogo tó wà ní gbàgede máa ń kọ orin kan. Wọ́n kọ orin náà nítorí Yoon Sang-won yìí àti Park Gi-sun, ọ̀dọ́bìnrin tó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ níwèé lálẹ́, nígbà tí àwọn ẹbí so wọ́n pọ̀ lọ́kọ láya lẹ́yìn ikú. Àwọn tó ń kọjá níbẹ̀ kò dúró. Ọmọ kan ń gun kẹ̀kẹ́ lọ tirẹ̀. Èmi nìkan ni mo dúró bí àlejò.

Ṣùgbọ́n ibi tó mú mi gan-an ni Ilé Jeonil, alájà mẹ́wàá, tó dojú kọ gbàgede náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ará ìlú ń sọ pé sọ́jà yìnbọn láti inú hẹlikọ́pítà. Àwọn ológun ní irọ́ ni. Ta lẹ fẹ́ gbàgbọ́? Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìjọba wá yẹ ilé náà wò, wọ́n rí ihò ọta lára ògiri, lára òpó, lórí ilẹ̀ àjà kẹwàá. Bí ọta náà ṣe wọlé kò jọ ti ẹni tó dúró nílẹ̀ yìnbọn sókè. Òkè ló ti wá. Ihò 245 ni wọ́n kọ́kọ́ kà, bẹ́ẹ̀ sì ni nọ́ńbà ilé náà lójú òpópónà jẹ́ 245. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Jeonil Building 245 láti 2020.

Ní 2017, Chun Doo-hwan kọ ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, ó sì bú fadá kan tó ti kú, ẹni tó sọ pé òun fojú òun rí hẹlikọ́pítà náà. Ó pè é ní Sátánì. Ní 2020, ilé ẹjọ́ dá Chun lẹ́bi, ó gbà pé hẹlikọ́pítà yìnbọn lóòótọ́. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Gwangju gbà tó ogójì ọdún. Ẹni tó jẹ́rìí ti kú, ṣùgbọ́n ògiri kò kú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ara mi díẹ̀. Ní 2020, nígbà ìwọ́de àwọn ọ̀dọ́ ní Èkó, mo ya fídíò púpọ̀. Nígbà tí mò ń padà sílé, mo rí i pé wọ́n ń dá ọkọ̀ dúró níwájú, wọ́n ń yẹ fóònù wò. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Wọn kò tiẹ̀ dá wa dúró. Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ohun tí mo rí, ẹnu lásán ni mo ní.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè kúrò kíákíá níbi àwòrán Jürgen Hinzpeter, oníròyìn ará Jámánì tí fíìmù yẹn dá lé lórí. Awakọ̀ takisí kan, Kim Sa-bok, ló gbé e wọ Gwangju nígbà tí wọn kò jẹ́ kí ìwé ìròyìn Kòríà sọ òtítọ́. Ó tọ́jú fíìmù rẹ̀ sínú agolo bisikíìtì, ó gbé e kọjá lójú àwọn tó ń yẹ ẹrù wò. Ó kú ní 2016. Irun àti èékánná rẹ̀ wà ní itẹ́ òkú Mangwol-dong, bó ṣe fẹ́.

Bọ́ọ̀sì nọ́ńbà 518 ló gbé mi lọ síbẹ̀. 5 ni oṣù, 18 ni ọjọ́. Ní 1980, ọkọ̀ akólẹ̀ ni wọ́n fi kó àwọn òkú kan lọ sí Mangwol-dong. Ní 1997 ni wọ́n kó wọn lọ sí itẹ́ tuntun tó gbayì, tí òpó gíga mítà 40 wà láàárín rẹ̀. Ní itẹ́ àtijọ́, òkúta kan tí wọ́n kọ orúkọ Chun sí wà ní ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà, àwọn àlejò a sì máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ wọlé. Èmi náà tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó dá omi sójú mi ni àwọn ibojì tí kò sí òkú nínú wọn. Àwọn tí ẹnikẹ́ni kò rí mọ́ ló ni wọ́n. Orúkọ wà, ọjọ́ ìbí wà, èèyàn kò sí.

Ìjọba ka àwọn tó kú sí ju 160 lọ. Àwọn ẹbí ní ó jù bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá Chun lẹ́jọ́ ikú ní 1996, wọ́n dín in kù sí ẹ̀wọ̀n gbére, wọ́n sì dárí jì í ní 1997. Ó kú nílé rẹ̀ ní 2021. Kò tọrọ àforíjì.

Ǹjẹ́ gbogbo ìrántí yìí wúlò? Ní alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 2024, Ààrẹ Yoon Suk Yeol tún kéde òfin ológun. Àwọn èèyàn sá jáde nílé lọ dí iwájú ilé aṣòfin. Àwọn aṣòfin kan fo odi wọlé. Aṣòfin 190 dìbò fagi lé e, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti di ohun ìgbàgbé. Lára àwọn tó sá jáde yẹn, ọ̀pọ̀ kò tíì sí láyé ní 1980. Ta ló sọ fún wọn? Ògiri ni, ibojì ni, Han Kang tó kọ ìwé Human Acts nípa ìlú tí wọ́n bí i sí ni, ìyá tó rọ ìrẹsì ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní fóònù lọ́wọ́, ẹ tọ́jú ohun tẹ́ ẹ bá rí. Bẹ́rù bá bà yín, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán kẹ́ ẹ tó pa á rẹ́. Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń dùn mí.

Ó dìgbà kan ná.