Ìdákẹ́jẹ́ Búkà: Níbo Ni Àlejò Yóò Ti Jẹun ní Yábàá?

Àjèjì lójú, àmọ́ kò fi ríran. Ẹ wo ẹni tó ti Ìbàdàn bọ̀, tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ Mobọ́lájí Johnson ní Alágómejì. Ebi ń pa á, ariwo Èkó sì ti gba etí ẹ̀ kan. Ó ń wá ibi tó dákẹ́, tó mọ́, tí wọ́n ti ń se oúnjẹ bí àwọn àgbà ṣe ń sè é. Ó mú fóònù jáde, ó tẹ ìbéèrè sí i. Fóònù ní kó sọdá afárá lọ sí Victoria Island, níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ Faransé, tábìlì kékeré, aṣọ funfun, orin jẹ́jẹ́. Búkà tó wà lẹ́yìn ibi tó dúró sí gan-an, fóònù ò mọ̀ ọ́n.

Kí ló dé tó jẹ́ pé, tí wọ́n bá ti ní "ilé oúnjẹ tó dákẹ́," Faransé ni ọkàn wa máa ń sáré lọ bá? Ìtàn wà nídìí ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Ọ̀rọ̀ náà "restaurant," kì í ṣe orúkọ ilé níbẹ̀rẹ̀. Orúkọ omi ẹran ni, èyí tí wọ́n sè títí tó fi le dáadáa, tí àwọn ará Paris gbà pé ó máa ń dá okun padà sára ẹni tó rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1766, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ilé tí wọ́n ti ń tà á. Mathurin Roze de Chantoiseau ni orúkọ ẹ̀ gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Kó tó dìgbà náà, arìnrìn-àjò tó bá dé sí ilé èrò nílẹ̀ Faransé, ìdí tábìlì kan náà ni òun àti gbogbo èrò yòókù máa jókòó sí. Àkókò kan, oúnjẹ kan, iye kan. Bó o bá pẹ́ dé, o ti pàdánù nìyẹn. Ilé tuntun yìí ló gbé tábìlì tìẹ nìkan dé, pẹ̀lú ìwé tí iye owó oúnjẹ kọ̀ọ̀kan wà lára ẹ̀, àti àǹfààní láti wọlé nígbà tó bá wù ẹ́. Lẹ́yìn rògbòdìyàn tó gba ìjọba lọ́wọ́ ọba wọn láti 1789, irú ilé bẹ́ẹ̀ wá pọ̀ sí i.

Ṣé ẹ rí i? Ohun tí à ń pè ní àṣà àtayébáyé Faransé ò ju nǹkan bí ọdún 250 lọ. Tábìlì àjọjẹ ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ká padà sí Mainland. Ní 1901 ni ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn, Èbúté Mẹ́ta sì di ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ náà ṣe. Òṣìṣẹ́ pọ̀, èrò ń wọ́ wá. Jíjẹ oúnjẹ rírà kì í ṣe tuntun sí wa. Ẹlẹ́kọ àti alákàrà ti wà lọ́jà wa tipẹ́tipẹ́. Àmọ́ ìlú tí agogo iṣẹ́ ń darí nílò oúnjẹ tó yá. Ní 1921, Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó ti ṣe akọ̀wé rélùwéè, dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta yìí kan náà. Ìdí búrẹ́dì Agége tí à ń fi jẹ ẹ̀wà lónìí nìyẹn.

Ní 1934 ni wọ́n ṣí Yaba Higher College. Láti 1955, ìjọba wó ilé ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n sì kó àwọn kan lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris tó ṣèwádìí nípa wọn kọ ọ́ sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1961 pé ọ̀nà jìn, owó ọkọ̀ ń ka wọ́n láyà, àwọn ìyá oníṣòwò sì pàdánù oníbàárà wọn. Ní 1962, Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀, ó sì fìdí kalẹ̀ sí Akọkà. Òṣìṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tí ilé ẹ̀ jìn sí ibiiṣẹ́: àwọn tí búkà ń bọ́ nìyẹn.

Hausa ló ni ọ̀rọ̀ náà "búkà". Ahéré ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwa la fi ìdí "cafeteria" kún un tó di búkátéríà. Ní January 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford gba búkà, búkátéríà àti "mama put" wọlé. Orúkọ ìkẹyìn yẹn ló sọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Ní ilé oúnjẹ Faransé, ìwé ló ń sọ iye tí wàá san. Ní búkà, ìwọ lò ń sọ ọ́: "Ìyá, ẹ fi àmàlà ẹgbẹ̀rún kan síbẹ̀, ẹran kan, pọ̀nmọ́ kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí gbẹ̀gìrì pọ̀ díẹ̀." Àpò ẹ ni ìwé oúnjẹ. Bẹ́ǹṣì kan náà ni dẹ́rẹ́bà, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ ń jókòó sí. Tábìlì àjọjẹ tí Paris fi sílẹ̀, ó wà ní Ojúẹlẹ́gba.

Ìdákẹ́jẹ́ wá ńkọ́? Kì í ṣe Faransé ló kọ́ wa. Ta ni wọn ò bá wí nílé pé kó má sọ̀rọ̀ tí òkèlè bá wà lẹ́nu? Ìdákẹ́jẹ́ búkà, àkókò ló ní. Tó o bá wọ Àmàlà Shitta tàbí Ọláìyá ní Sùúrùlérè láàárín agogo méjìlá sí méjì ọ̀sán, ẹjọ́ ara ẹ lò ń rò yẹn. Jẹ́ kí èrò ọ̀sán túká ná. Wàá gbọ́ ìró ìjábẹ̀ nínú ewédú. Ṣàkì lè ti tán o, àmọ́ wàá rí ìyá olóúnjẹ bá sọ̀rọ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká wa lára nìyí: ọ̀pọ̀ búkà ò ní ilẹ̀ tiwọn. Etí títì ni, abẹ́ afárá ni, ẹ̀gbẹ́ ọjà ni. Bí wọ́n bá fẹ́ fẹ títì, àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ lé. Ọjà Tẹ̀júoṣó jóná ní 2007. Nígbà tí tuntun ṣí ní 2014, ọ̀pọ̀ oníṣòwò àtijọ́ ló ké gbàjarè pé owó ṣọ́ọ̀bù ti ju agbára àwọn lọ. Bí àwa tá a jẹ́ ọ̀dọ́ bá ń fi ẹ̀rọ amúlétutù àti fọ́tò nìkan mọ ilé oúnjẹ tó dáa, kò ní sí ẹni tó máa bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí katakata bá dé.

Torí náà, ìwọ àlejò, wo ibi tí àwọn onímárúwá ń páàkì sí. Wo omi ìfọwọ́, ṣé ó mọ́. Dúró de àkókò ìdákẹ́jẹ́. Tó o bá yó tán, bi ìyá olóúnjẹ ní orúkọ ẹ̀, ọdún tó bẹ̀rẹ̀, àti ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Tó bá gbà, kọ ọ́ sílẹ̀. Torí pé ẹnì kan kọ orúkọ Roze de Chantoiseau sílẹ̀ la ṣe ń dá a lónìí.